Ọyẹ́ dé Bàrígà, mo tún ilé adìyẹ Màámi kọ́ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé fíríìjì àti ẹ́sì ni mo ń tún ṣe, mi ò kọ́ṣẹ́ káfíńtà, mi ò sì kọ́ṣẹ́ ẹran sísìn rárá, ṣùgbọ́n ilé adìyẹ Màámi ti bàjẹ́ dé ibi tí ojú ń tini tí àlejò bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, káfíńtà tí a sì pè wá wò ó dá owó lé e bí ẹni pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la fẹ́ kọ́, ni mo bá ní ẹ fi sílẹ̀ jàre, màá ṣe é fúnra mi. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo ń kọ ọ́ sínú fóònù, ohun tí ẹ ń kà yìí nìyẹn, mi ò yọ ibi tó bà mí lójú jẹ́ kúrò ńbẹ̀.

Sátidé, 7 Dìsẹ́ńbà

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nílẹ̀ ná. Ilé adìyẹ yẹn fara ti fẹ́ǹsì lẹ́yìn kíṣìnì, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 5 ní fífẹ̀. Nígbà tí Bàámi wà láyé ni wọ́n kàn án. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ méjì nínú mẹ́rin, páànù orí ẹ̀ ti dógùn-ún débi pé tó o bá dúró nínú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó o gbójú sókè, ńṣe ló dà bíi pé ìràwọ̀ yọ. Àgbébọ̀ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkùkọ kan tí Màámi ń pè ní Gọ́fínọ̀ nítorí bó ṣe máa ń rìn. Níta, pèpéyẹ mẹ́rin àti ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ ìdí gúáfà.

Wàhálà tuntun tó wá wọlé ni òròmọdìyẹ kọ́kírẹ́ẹ̀lì 30 tí Màámi rà ní Tọ́sìdeè. Mo ní Màámi, Kérésì ló kù ọ̀sẹ̀ méjì yìí, kí lẹ fẹ́ fi ọmọ ọjọ́ kan ṣe? Wọ́n ní nígbà tí gbogbo ayé bá ń tà fún Kérésì lèèyàn máa ń rà fún Àjíǹde, pé kọ́kírẹ́ẹ̀lì kì í yára dàgbà bíi bíróílà, á ti tó pa nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ wọn dùn-ún gbọ́, ìṣòro ibẹ̀ kàn ni pé inú páálí lábẹ́ tábìlì kíṣìnì ni àwọn ọmọ náà wà, ilé sì ti ń rùn.

Òní, mo gé pákó tú-báì-tírì mẹ́fà, mo pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjì tí ikán jẹ, mo fi dísù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti lò tán kun ìdí wọn kí ikán má baà tún padà wá. Mo ya páànù ògbólógbòó dànù, mo kan mẹ́ta tuntun. Mo fi hámà na àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ohun míì lórí tòní.

Tọ́sìdeè, 12 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ já. Kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti mọ̀, torí imú mi gbẹ, ètè mi ń fà, ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù tó máa ń há nígbà òjò sì ṣí fúnra ẹ̀. Láti orí dẹ́kìn òkè, a máa ń rí Third Mainland kedere tí gbogbo mọ́tò á máa tò lọ lórí omi, lónìí afárá tó gùn ní kìlómítà 11.8, ìba díẹ̀ la rí nínú ẹ̀, ìyókù wọnú kùrukùru lọ bí ẹni pé ó já sínú ọ̀sà. Eruku yẹn ò ti ìtòsí wá o. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn ti ń gbé e, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti ibi kòtò adágún kan tó ti gbẹ ní orílẹ̀-èdè Chad, a wá ń fi aṣọ nù ún kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n ní Bàrígà.

Mo gbé tẹmómítà tí mo fi ń wọn fíríìjì jáde láago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀: digírì 21. Fún èmi àti ẹ, ìyẹn dára, ó tiẹ̀ dùn-ún sùn sí. Àmọ́ òròmọdìyẹ tó wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, digírì 32 sí 35 ló nílò, torí kò tíì ní ìyẹ́ gidi lára, òwú lásán ló wọ̀. Nínú páálí, gbogbo wọn gun ara wọn lórí ní kọ̀rọ̀ kan, wọ́n ń ké fíín fíín fíín, ohùn yẹn kì í dákẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn, tí wọ́n bá gun ara wọn, òtútù ń mú wọn, tí wọ́n bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n lanu sílẹ̀, ooru ti pọ̀, tí wọ́n bá tàn káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n sá, ó dáa. Tẹmómítà mi ò sọ ju èyí lọ.

Mo sáré lọ ra gílóòbù ní ìtajà kan ní ojú títì. Mo so ó sókè páálí, ó mọ́lẹ̀ bí ọjọ́, inú mi dùn, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé lálẹ́ wọ́n ṣì gun ara wọn. Mo fọwọ́ kan gílóòbù, ó tutù bíi ọ̀rọ̀ àna. LED ni! Èmi tí mo ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí ọ̀rọ̀ iná, mo ra gílóòbù tí wọ́n dìídì ṣe kó má mú ooru wá, mo wá ń retí ooru níbẹ̀. Màámi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wò mí, wọ́n lọ gbé omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5, wọ́n fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ Bàámi àtijọ́ wé e, wọ́n gbé e sí àárín àwọn ọmọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbogbo ẹ̀ ti dákẹ́.

Sọ́ńdè, 15 Dìsẹ́ńbà

Àǹtí mi pè lórí WhatsApp. Yorkshire ni wọ́n ń gbé, abúlé kan tí àgùntàn pọ̀ ju èèyàn lọ, àwọn náà ní adìyẹ mẹ́fà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n gbé fóònù síta kí n rí i: yìnyín bo gbogbo nǹkan, funfun báláú, omi inú ọpọ́n adìyẹ ti dì, wọ́n ń fi gìgísẹ̀ bàtà fọ́ ọ. Wọ́n ní digírì 4 sí ìsàlẹ̀ òdo. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù níbẹ̀ lásìkò yìí, oòrùn á ti wọ̀. Ìdí nìyẹn tí adìyẹ wọn ò fi yé ẹyin mọ́ láti oṣù tó kọjá, kì í ṣe òtútù ló fà á, ìmọ́lẹ̀ ni, adìyẹ ń fẹ́ bíi wákàtí 14 ìmọ́lẹ̀ lójúmọ́ kó tó yé dáadáa. Tiwa níbí, ọjọ́ ò kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ìyàwó Gọ́fínọ̀ ṣì ń yé lọ ní tiwọn.

Mo wá sọ fún wọn pé òní ni mò ń parí ilé tèmi, pé mo ra tàpólì aláwọ̀ búlúù, màá di gbogbo ẹ̀ pa, atẹ́gùn ọyẹ́ ò ní rí ihò kan gbà wọlé. Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀? Òkè náà?" Mo ní òkè náà. Wọ́n fẹ́ sọ nǹkan, nẹ́tíwọ̀kì já. Kí n má parọ́, mi ò pè wọ́n padà.

Mo di tàpólì yí i ká láti ilẹ̀ dé abẹ́ páànù, mo fi ìṣó àti ọ̀rá kékeré kékeré kàn án mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo pín inú ẹ̀ sí méjì, àwọn ìyá lápá kan, àwọn ọmọ lápá kejì. Nítorí nẹ́pà ò ṣeé gbọ́kàn lé, mo gbé àdògán èédú sí àárín, mo fi páànù yí i ká kí wọ́n má jóná. Nígbà tí mo kúrò ńbẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́, tẹmómítà ka 33. Mo ya fọ́tò. Mo tiẹ̀ gbé e sí sítétọ́ọ̀sì.

Túsìdeè, 17 Dìsẹ́ńbà

Mẹ́rin kú. Màámi ló rí wọn láàárọ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ ní ìdí àdògán, ìyókù dìde dúró ṣùgbọ́n wọ́n ń yí bí ẹni tó mu ògógóró. Ohun tó jáde lẹ́nu Màámi ni "lúkúlúkú!", torí ìgbà ọyẹ́ gan-an ni àìsàn yẹn máa ń jà, lọ́dún kan ó kó gbogbo adìyẹ àdúgbò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ti ń sọ pé kí n lọ gbẹ́ ilẹ̀.

A pe dókítà ẹran tó máa ń bá àwọn aládìyẹ ọjà ṣe. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan òkú adìyẹ ná, ó wo ìgbẹ́ wọn, ó ní kò ní àwọ̀ ewéko, kò sí èyí tí ọrùn ẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, gìrì ò mú ìkankan nínú wọn, lúkúlúkú kọ́. Ó wá ní kí n kúnlẹ̀, kí n tẹ orí ba títí imú mi á fi dé ibi tí imú adìyẹ wà, kí n mí. Ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n tó kà dé mẹ́wàá omi ti ń dà lójú mi, ó ta mí nímú bí ibi ìtọ̀ ní gáréèjì. Ìgbẹ́ àwọn ìyá wọn ni, tó rin ìdọ̀tí pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀, tí ooru èédú wá ń sè é, tí tàpólì ò sì jẹ́ kó ríbi jáde. Èmi, níbi tí mo dúró sí ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, mi ò gbọ́ òórùn kan lọ títí.

Ó tún ní ìyẹn gan-an kọ́ ló pa mẹ́rin yẹn. Èédú ni. Gáàsì inú èédú ò ní òórùn, kì í ta lójú, òun náà ló máa ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ sùn, tí a máa ń gbọ́ láàárọ̀ pé ìdílé kan ò jí. Àwọn tó sún mọ́ àdògán jù ló kọ́kọ́ gbé e mì. Ó ní tí mo bá fi kún un lálẹ́ àná, gbogbo ẹ̀ ni ì bá lọ, àti àgbà àti ọmọ.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ nìyí. Kò sí kọ́sítọ́mà tí mi ò sọ fún pé ẹ má fi ẹ̀yìn fíríìjì lẹ ògiri, ẹ jẹ́ kó mí, ooru gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Mo ti sọ ọ́ tó ọdún mẹ́rìnlá. Mo wá lọ fi ọ̀rá di nǹkan ẹlẹ́mìí pa.

Nígbà tí mo pe Àǹtí mi padà wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìyẹn. Pé ilé adìyẹ tiwọn, nínú yìnyín yẹn náà, òkè ẹ̀ lábẹ́ òrùlé ṣí sílẹ̀ látìgbà òtútù dé ìgbà òtútù, nẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà níbẹ̀. Adìyẹ tó ti ní ìyẹ́, á fẹ ìyẹ́ ẹ̀ bíi dùfẹ́ẹ̀tì, òtútù gbígbẹ ò rí i ṣe. Ìrì àti afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ló ń pa á. Mo ní ẹ ṣeun mà. Wọ́n ní, "Nígbà míì, o máa pe èèyàn padà." Ọ̀kan tún kú lálẹ́. Ó ku 25.

Sátidé, 21 Dìsẹ́ńbà

Mo tú gbogbo ẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ síta sínú oòrùn nínú agbada Màámi kan tó gbòòrò, ó pẹ́ tán ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi wọlé lọ mú ìṣó. Mo gbọ́ tí Gọ́fínọ̀ kígbe, irú igbe kan báyìí tí kì í ké lásán, gbogbo àgbébọ̀ sá wọ abẹ́ mọ́tò. Kí n tó sáré jáde òjìji kan ti kọjá lórí ògiri. Àwòdì. Màámi ń pariwo "Àṣá o! Àṣá o!", àwọn ọmọ ilé kejì ń bá wọn gbe é, ọ̀kan ti lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àwòdì aláwọ̀ ilẹ̀ yìí máa ń pọ̀ lókè Èkó, tí òjò bá ti dé dáadáa wọ́n á gba òkè ọya lọ. Mo gbé ojú sókè, mẹ́ta ló ń yí po lókè wa, ìrù wọn ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ìtọ́kọ̀. Ó dùn-ún wò, tí kì í bá ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. 24.

Màámi fi aró aláwọ̀ osùn pa gbogbo ìyókù lára. Wọ́n ní ìyá tiwọn náà ṣe é bẹ́ẹ̀, pé àwòdì ò ní mọ̀ ọ́n ní adìyẹ. Bóyá ó ṣiṣẹ́ o, àbí àwọ̀n tí mo ta ló ṣiṣẹ́, mi ò lè bá Màámi jiyàn. Àwọ̀n yẹn, ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ létí ọ̀sà ni mo ti rí i, àwọ̀n ìpẹja tó ti ya, bàbá tó ni ín ní kí n kó o lọ, tí mo bá ti lè ra bíà kan fún òun. Ó bo gbogbo iwájú ilé adìyẹ títí dé ìdí gúáfà.

Bí ilé adìyẹ tí mo tún kọ́ lẹ́ẹ̀kejì ṣe rí nìyí, ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó dáadáa. Tàpólì wà ní apá ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá nìkan, ìyẹn apá Òwòròǹṣòkí lọ́dọ̀ wa, ó sì ga láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, kí atẹ́gùn má lù wọ́n lára. Lókè pátápátá lábẹ́ páànù, ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko ṣí sílẹ̀ lápá méjèèjì, mo fi nẹ́ẹ̀tì wáyà tó wẹ́ kàn án kí ológoṣẹ́ má wọlé wá jẹ fíìdì. Ooru máa ń gòkè, á gba ibẹ̀ jáde, á kó òórùn lọ. Mo yọ àwọn ìyá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ pátápátá. Fún àwọn ọmọ, mo ká páálí ńlá ní róbótó, mo dì í bí agbada tí kò ní ìdí, torí inú igun ni wọ́n ti máa ń gun ara wọn pa, ohun tó bá rí róbótó kò ní igun.

Iná wá ńkọ́? Mo wá gílóòbù àtijọ́ oní 100 wáàtì káàkiri, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní LED ló kù. Bàbá arúgbó kan ní Ṣómólú ló lọ fà á jáde láti ẹ̀yìn káńtà, mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ wọn, eruku bò ó, mo ra gbogbo ẹ̀. Mo gba ìkòkò amọ̀ tí Màámi fi ń se àgbo tẹ́lẹ̀, èyí tí etí ẹ̀ ti fọ́, mo dojú ẹ̀ délẹ̀ bo gílóòbù kan, etí tó fọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ooru jáde. Amọ̀ á gbóná pẹ̀lú ẹ̀. Tí nẹ́pà bá mú iná, ìkòkò ò ní tutù lójú ẹsẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, ó tó ìṣẹ́jú 40 kí ó tó já sí 28, nígbà yẹn Màámi á ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi gbígbóná wá. Lára gbogbo ohun tí mo kàn, èyí ni mo fẹ́ràn jù, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó sórí pèpéle kíṣìnì mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n tàn káàkiri, pupa fòò, ọ̀kan sùn tó fi àgógó ẹ̀ gún ilẹ̀ bí arúgbó tó ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kérésìmesì

Kò sí iṣẹ́. Àgbébọ̀ kan di ọbẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń ṣàìsàn o, ó sanra.

Sátidé, 4 Jánúárì

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹyẹ díẹ̀, torí ilé adìyẹ yìí ló sọ mí di ẹni tó ń wo ẹyẹ. Láàárọ̀ kùtù tí mo bá lọ wo gílóòbù, mo máa ń rí àwọn lékeleke tí wọ́n ń jáde láti apá ọ̀sà, wọ́n á tò bí okùn funfun, wọ́n á gba òkè wa kọjá, tó bá di bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tún gba ibẹ̀ padà lọ sùn. Ọjọ́ kan mo ka 51. Ọmọ ilé kejì mẹ́ta ṣì máa ń na ọwọ́ sókè sí wọn, wọ́n ń gbọn ìka, kí lékeleke fún wọn ní èékánná funfun. Mo rò pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìyẹn mọ́.

Mo gbé ọpọ́n omi kan sí ìdí ilé adìyẹ nítorí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ, kò sí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, gọ́tà gan-an ti sán. Àdàbà méjì ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ẹ̀gà, wọ́n pọ̀, aláriwo ni wọ́n, wọ́n á wẹ̀ títí omi á fi tán. Pèpéyẹ náà wọ inú ẹ̀. Mo ya fídíò ránṣẹ́ sí Àǹtí mi pẹ̀lú ìgbéraga. Èsì tó dé: "Yọ ọpọ́n yẹn kúrò níbẹ̀ kíá." Wọ́n ní lọ́dọ̀ wọn, láti Nòfẹ́ńbà 2022 títí di Épírì 2023, ìjọba pàṣẹ kí gbogbo ẹni tó ní adìyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì wọ́n mọ́lé, bó jẹ́ mẹ́fà, bó jẹ́ ẹgbàá, nítorí àìsàn ẹyẹ tí ẹyẹ inú igbó ń gbé kiri, àti pé pèpéyẹ lè gbé e sára kó má hàn lójú ẹ̀. Mo rántí pé tiwa náà ti rí i. Ní 2006 ló kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ní 2015 ó tún padà wá, Èkó wà lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ọpọ́n ti kúrò ńlẹ̀. Mo ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní igun kejì fẹ́ǹsì, mo fi ìdérí ìkòkò ńlá kan sórí ẹ̀ lókè, ibi tí pèpéyẹ ò lè dé, tí ológbò náà ò lè sá pamọ́ sí. Mo ń da omi yẹn nù lójoojúmọ́. Omi adìyẹ wà lábẹ́ àwọ̀n lọ́tọ̀. Ọjọ́ méjì ni àwọn ẹ̀gà fi bínú sí mi, wọ́n sì padà.

Àǹtí mi ní ẹyẹ kan wà tó máa ń wá sí ọgbà wọn lásìkò òtútù, wọ́n máa ń da ápù tó ti rọ̀ sílẹ̀ fún un nínú yìnyín. Wọ́n ní Norway àti Sweden ló ti ń sá òtútù bọ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó ka Yorkshire sí ibi ooru, báwo ni ilé tiẹ̀ ṣe rí? Alápàńdẹ̀dẹ̀ ní tiẹ̀ ò jókòó de òtútù rárá, ti ọ̀dọ̀ wọn máa ń lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà, àwọn míì tó ti apá ibòmíì ní Yúróòpù wá á dúró sí Nàìjíríà, ibi kan wà ní Cross River tí wọ́n máa ń kó jọ sùn bí èéṣú. Ẹyẹ tí kò wúwo tó gíráàmù 25! Wọn kì í kọ́lé síbí o, àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ dẹ́kìn wa yàtọ̀, onílé ni tiwa.

Sátidé, 11 Jánúárì

Eruku lónìí ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. Àbúrò mi tó ń ti Àbújá bọ̀ lo wákàtí márùn-ún ní pápákọ̀ torí bàálù ò ríran. Omi adìyẹ di bíi ògì nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ ẹ̀.

Ewúrẹ́ ló kàn. Èyí àbúrò ń wúkọ́, imú ẹ̀ ń dà. Kátà ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, torí kátà náà fẹ́ràn ọyẹ́, tó bá wọ agbo, ẹnu ẹran á bó, á máa ṣu, ó máa ń yára kú. Dókítà wá, ó wo ẹnu ẹ̀, kò bó, ara ẹ̀ ò gbóná, ó ní eruku àti ilẹ̀ tútù ni, ó fún àwọn méjèèjì ní àjẹsára kátà nígbà tí ara ẹ̀ yá. Iṣẹ́ tèmi: mo ra pálẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n kó wá láti Àpápá, mo fi wọ́n ṣe pẹpẹ tó ga sí ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, páànù lórí, tàpólì ní apá atẹ́gùn nìkan. Mo ti gbọ́n. Ìgbẹ́ wọn ń gba àárín pákó bọ́ sílẹ̀, ibi tí wọ́n ń sùn ń gbẹ.

Àǹtí mi fi àwòrán àgùntàn ará àdúgbò wọn ránṣẹ́, Swaledale ni wọ́n ń pè é, ojú dúdú, imú funfun, ìwo rẹ̀ ká. Yìnyín jókòó sí i lẹ́yìn tó nípọn tó íǹṣì méjì, kò yọ́. Mo ní áà, ẹran yìí ti kú lórí ìdúró. Wọ́n ní rárá o, àmì pé ara ẹ̀ dá ṣáṣá nìyẹn, irun ẹ̀ nípọn débi pé ooru ara ẹ̀ ò jáde dé ibi tí yìnyín wà. Mo lọ fọwọ́ kan ewúrẹ́ tiwa láàárọ̀: irun ẹ̀ dìde ṣóńṣó ṣóńṣó, abẹ́ ẹ̀ awọ ni. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Bàámi kejì ti di ẹ̀wù ewúrẹ́ báyìí.

Sọ́ńdè, 26 Jánúárì

Àwọn ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ méje, ìyẹ́ ti bò wọ́n, aró Màámi ti ń bọ́, wọ́n dà bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ mọ́ jíǹsì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi okùn fa gílóòbù àti ìkòkò sókè díẹ̀ kí ooru fi bíi digírì mẹ́ta dínkù, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún mo pa á pátápátá. Àjẹsára tí a ń pò mọ́ omi mímu wọn náà ò gbẹ́yìn: ti àìsàn Gumboro ní ọ̀sẹ̀ kejì, Lasota, ìyẹn ti lúkúlúkú, ní ìkẹta, Gumboro lẹ́ẹ̀kejì ní ìkẹrin. Omi kànga la lò, kì í ṣe omi tí wọ́n ti da kẹ́míkà sí, torí kẹ́míkà ń pa àjẹsára, a sì gba omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí méjì kí òǹgbẹ lè gbẹ wọ́n. 24 ṣì ni wọ́n. Gílóòbù 100 wáàtì kù méjì, mo dì wọ́n sínú ìbọ̀sẹ̀, mo fi wọ́n sínú dúrọ́ọ̀.

Sátidé, 15 Fẹ́búrárì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóru àná, ìjì ló gbé e wá. Mo jí síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Páànù ò jò, ẹsẹ̀ ò mì, àwọ̀n Ìlàjẹ dúró gírígírí. Àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà kan tí mo ṣí sílẹ̀ lókè yẹn, ibẹ̀ ni òjò gbà wọlé, ó fẹ́ gba apá ọ̀sà wá, kì í ṣe apá Òwòròǹṣòkí, ó rin ìdọ̀tí pákó dé ìdajì ilé, Gọ́fínọ̀ dúró lórí igi ìsùn ẹ̀ ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo da omi náà.

Màámi ní kí n fi tàpólì dí i. Mo ní láéláé. Màá fa páànù jáde ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síta lápá méjèèjì, kó ṣe bíi fìlà etí ajá, òjò á máa bọ́ síta, atẹ́gùn á máa wọlé. Páànù mẹ́rin, tú-báì-tírì mẹ́ta, ìṣó onífìlà kílò kan. Mo ti lọ béèrè iye ẹ̀, ó ti lé sí ti Dìsẹ́ńbà. Ní Sátidé tó ń bọ̀ ni màá kàn án, tí òjò bá gbà.